Ògiri Ẹ̀yìn Ọkàn Alága

Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ dókítà ní ilé ìwòsàn aládàáni kan lọ́nà Ṣàngótẹ̀dó, mi ò tíì rí ẹni tí àyà ń dùn tó wọlé wá tó sọ pé àyà ló ń dun òun. Gáàsì ni gbogbo wọn máa ń ní. Pé gáàsì wà nínú ikùn kò yà mí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ní agbègbè wa níbí, mo ti gbọ́ gáàsì tó wà ní èjìká, mo ti gbọ́ èyí tó wà ní àgbọ̀n, mo sì ti gbọ́ èyí tó gba apá òsì sọ̀ kalẹ̀ títí dé ìka. Mi ò sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí gáàsì bá lè rin ìrìn tó jìn tó báyìí, ó yẹ kí wọ́n máa gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ ní tóògéètì.

Mo ti ronú sí ìdí tí gáàsì fi gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Èrò mi ni pé kò sí ẹni tó mọ ẹni tí gáàsì pa. Àìsàn tí ikú bá wà nínú orúkọ rẹ̀, a kì í pè é lójú ẹni tó ń ṣe. Bí dókítà bá ṣèèṣì pè é, ìyàwó aláìsàn á ní, “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́,” aláìsàn á ní, “Kì í ṣe ìpín mi,” dókítà fúnra rẹ̀ á sì ṣe àmín. Nígbà tí gbogbo wa bá ti kọ àìsàn náà tán, ó máa ń dà bíi pé a ti wò ó sàn.

Ọ̀gá tó ni ilé ìwòsàn náà kì í ṣe òpè. Dókítà tó mọṣẹ́ ni kó tó di onílé ìwòsàn, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kì í ṣe iṣẹ́ kan náà. Ó fi dígí ṣe ilẹ̀kùn iwájú, ó ra ohun tó ń tú òórùn dídùn sáfẹ́fẹ́, ó sì ra ẹ̀rọ tó ń fi ìlà ya bí ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní ECG. Ibi tí àwọn aláìsàn á ti rí i láti ẹnu ọ̀nà ló gbé e sí. Ẹ̀rọ náà máa ń kọ èrò tirẹ̀ ní gbólóhùn kan sí òkè ìwé tó bá tẹ̀ jáde. Bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé nọ́ọ̀sì á tẹ ìwé jáde, ọ̀gá á ka gbólóhùn òkè yẹn, á sì sọ ọ́ fún aláìsàn pẹ̀lú ohùn ẹni tó rò ó fúnra rẹ̀. Àwọn ìlà tó wà nísàlẹ̀ gbólóhùn náà, tí í ṣe iṣẹ́ gan-an, ọ̀ṣọ́ ni wọ́n jẹ́ lójú tirẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé kan ni Alága ẹgbẹ́ onílé ẹ́síteètì tó wà lẹ́yìn wa wọlé. Òun fúnra rẹ̀ ló wakọ̀. Ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Akọ̀wé ẹgbẹ́ wà lẹ́yìn, gbogbo wọn wọ bàtà funfun, nítorí pé ìrìn àárọ̀ tí àwọn àgbà ẹ́síteètì máa ń rìn ni wọ́n ti ń bọ̀. Alága ti lé lọ́gọ́ta ọdún dáadáa. Òógùn bò ó bí ẹni tó ti inú òjò dé, nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù wa ti mú kí nọ́ọ̀sì wọ súwẹ́tà.

“Gáàsì ni, dókítà kékeré,” ló sọ kí n tó kí i tán. “Fún mi lábẹ́rẹ́ kan kí n máa lọ. Mo ní ìpàdé.”

“Níbo ló ti ń dùn yín, sà?”

“Kò dùn mí. Ó kàn ń tẹ̀ mí ni.”

“Níbo ló ti ń tẹ̀ yín?”

Ó di ìkúùkù, ó gbé e lé àárín àyà. “Ibí yìí. Ó tún ń fà mí lágbọ̀n.”

“Ẹ̀wà ni, dókítà,” ni ìyàwó rẹ̀ wí. “Àgbàlagbà tó ń jẹ ẹ̀wà lóru bí ọmọ iléèwé bọ́dìn! Mo sọ fún un. Dádì, ṣé mi ò sọ fún yín?”

“O sọ ọ́. O ṣì ń sọ ọ́.”

“Ẹ gùnfẹ̀, Alága,” ni Akọ̀wé gbà á nímọ̀ràn. “Bí ẹ bá ti gùnfẹ̀ ẹyọ kan báyìí, ó tán.”

Alága gbìyànjú. Gbogbo wa ń retí ìgùnfẹ̀ bí ẹni ń retí àbájáde ìbò. Kò wá.

Mo ní kó rún ásípírìn lẹ́nu, nọ́ọ̀sì sì so wáyà ECG mọ́ ọn. Kí ìwé tó jáde tán ni ọ̀gá wa ti dé, nítorí wọ́n ti sọ fún un ẹni tó wà nínú yàrá. Ó ka òkè ìwé náà. Ẹ̀rọ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyàtọ̀ díẹ̀ wà, tí kò ní ìtumọ̀ kan pàtó.

“Alága wa! Ọkàn yín le bíi ti ọ̀dọ́. Ojúlówó ẹ̀rọ ni eléyìí, ilẹ̀ Jámánì la ti kó o wá.” Ó yíjú sí nọ́ọ̀sì. “Ẹ gbé Alága lọ sí yàrá àwọn èèyàn pàtàkì, kí ẹ fi dírípù sí wọn lára.”

Mi ò mọ ohun tí dírípù fẹ́ ṣe fún gáàsì. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, ẹni tí wọn ò bá tíì fa omi sí lára, a ò tíì tọ́jú rẹ̀, bó sì ṣe jẹ́ èèyàn ńlá tó ni omi náà ṣe ń pọ̀ tó.

Mo gba ìwé náà, mo wo àwọn ìlà. Lẹ́yìn ìlù ọkàn kọ̀ọ̀kan, ó yẹ kí ìlà náà padà sí ojú ọ̀nà rẹ̀ kó tó tún gbéra. Nínú èyí tí àwọn wáyà àárín àyà yà, kò padà. Ó rì sísàlẹ̀. Ohun mẹ́ta ni mo rò pé ó lè fà á. Ó lè jẹ́ pé kò sí nǹkan kan, bí ẹ̀rọ ṣe wí. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ò dé ògiri iwájú ọkàn tó bó ṣe yẹ. Ó sì lè jẹ́ pé ògiri ẹ̀yìn ló ń kú lọ, tí àwọn wáyà iwájú ń wò ó láti òdìkejì, bí ẹni tó jókòó dojú kọ ẹni tó ń kọ̀wé ṣe máa ń rí ìwé náà ní ìdoríkodò. Ohun tó ń gòkè lẹ́yìn, lójú ẹni tó wà níwájú, ńṣe ló ń lọ sísàlẹ̀. Ìlà tó kọ́kọ́ ń ga sókè nínú ìlù kọ̀ọ̀kan tún ga ju bó ṣe yẹ lọ níbẹ̀, ìyẹn sì jẹ́ kí èrò kẹta wúwo ju méjì yòókù. Òógùn náà ò jẹ́ kí n gba ti àkọ́kọ́ rárá.

Mo fa ọ̀gá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́nu ọ̀nà.

“Sà, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọkàn ti dí. Ògiri ẹ̀yìn ni mo fura sí.”

“Ó ṣeé ṣe?”

“Ó ṣeé ṣe, sà. Ó tiẹ̀ jọ bẹ́ẹ̀.”

“Dókítà tó bá ń sọ pé ó ṣeé ṣe, kò lè ní ilé ìwòsàn ní Lẹ́kí. Ẹ̀rọ ò sọ bẹ́ẹ̀.”

“Ẹ̀rọ ò wo ẹ̀yìn, sà. A ò fi wáyà kankan síbẹ̀.”

“O wá fẹ́ lẹ wáyà mọ́ Alága lẹ́yìn bí ẹni ń lẹ pósítà ìbò?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Ó wò mí bí ẹni ń wo owó orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún. Ó ní bí Alága bá gbà, kí n lẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n òun ò sí níbẹ̀. Ó sì lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ lóòótọ́.

Nígbà tí mo padà sínú yàrá, ìyàwó Alága ti ya fọ́tò ìwé ECG náà, ó sì ti fi í ránṣẹ́ sórí wáásààpù ẹ́síteètì kí wọ́n lè bá wọn gbàdúrà. Àdúrà wọlé, ìmọ̀ràn sì tẹ̀ lé e. Ìyàwó náà ń kà á sókè fún wa. Ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì kọ ọ́ pé ohun tó bá rì báyìí máa ń padà gòkè kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ẹnjiníà kan béèrè bóyá wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ nígbà tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Ẹlòmíràn ní kí Alága mu omi gbígbóná àti aáyù. Ẹnì kan láti òpópónà ẹ̀yìn kọ ọ́ pé òun ń bá Alága kẹ́dùn, ṣùgbọ́n ṣé ìpàdé lórí omi tó ń ya wọ ilé àwọn ṣì máa wáyé bí?

“Ẹ wo èèyàn burúkú!” ni ìyàwó náà wí.

“Ìpàdé á wáyé,” ni Alága wí. Ohùn rẹ̀ ti lọlẹ̀.

Mo ní láti sọ̀rọ̀ lórí ìpàdé yìí. Bí òjò bá ti rọ̀, àwọn ilé tó wà ní òpópónà ẹ̀yìn nínú ẹ́síteètì náà máa ń kún fún omi. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ní gọ́tà kan ló dí. Alága ní kò sí gọ́tà tó dí, ọ̀sà ló ń kún, kò sì sí bí ẹgbẹ́ onílé ṣe lè bá ọ̀sà wíjọ́. Akọ̀wé máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìpàdé.

“Sà,” mo ní, “mo fẹ́ kí ẹ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ díẹ̀, kí n fi wáyà mẹ́ta sí yín lẹ́yìn.”

“Rárá. Ọ̀gá rẹ ní ọkàn mi le. Ṣé ìwọ mọ̀ ju ọ̀gá rẹ lọ ni?”

“Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, sà.”

“Kí lo wá ń sọ?”

Ó ti tún di ìkúùkù náà, ó gbé e lé àyà láìmọ̀. Mo mọ̀ pé bí a bá gbé ọkùnrin yìí sí yàrá àwọn èèyàn pàtàkì, pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n ńlá àti dírípù, a lè máà gbé e jáde láàyè.

“Sà, nígbà tí òjò ńlá yẹn rọ̀, àwọn ilé wo ló kọ́kọ́ kún?”

“Kí ló pa ìyẹn pọ̀ mọ́ gáàsì?”

“Ẹ ṣáà bá mi sọ ọ́, sà.”

“Ti òpópónà ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà, ilé àwọn ẹ̀ṣọ́.”

“Ti iwájú ńkọ́?”

“Ti iwájú kì í kún. Gọ́tà tiwọn ń ṣàn.”

“Kọnkéré ni wọ́n fi bo gbogbo gọ́tà yẹn, kò sí ẹni tó rí inú wọn. Bí wọ́n bá wá ní kí ẹ tọ́ka sí ibi tó dí, ṣé ẹ lè tọ́ka sí i?”

“Ta ni kò lè tọ́ka sí i? Abẹ́ ilé jẹnẹrétọ̀ tí a kọ́ lé e lórí ni. Bó bá jẹ́ gọ́tà apá kejì ló dí, omi ò ní dé ilé àwọn ẹ̀ṣọ́.”

Ilé jẹnẹrétọ̀ yẹn, Alága fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ, tó sì gé rìbọ́ọ̀nù rẹ̀.

“Alága!” ni Akọ̀wé wí. “Ẹ ní kò sí gọ́tà tó dí. Èmi ni mo kọ ọ́ sílẹ̀!”

“Akọ̀wé, mo dùbúlẹ̀ àìsàn, o ń bá mi ṣe ìpàdé?”

“Iṣẹ́ tí ECG ń ṣe nìyẹn, sà,” mo tètè wí. “Kò rí òpó ẹ̀jẹ̀ kankan. Ògiri ọkàn tó ń jìyà ló ń rí, ìyẹn ló sì fi ń mọ òpó tó dí, bí ẹ ṣe fi ilé tó kún mọ gọ́tà. Àfiwé náà ò pé o. Ní ẹ́síteètì, omi ló pọ̀ jù. Nínú ọkàn, ẹ̀jẹ̀ ni kò dé ibẹ̀.”

“Má tún da ọ̀rọ̀ rú,” ni Akọ̀wé wí. “A ti ń gbọ́ ọ.”

“Ọ̀nà iwájú la ṣì wò, sà. A ò tíì dé òpópónà ẹ̀yìn.”

Mi ò mọ̀ bóyá àlàyé mi ló yé Alága, tàbí ó kàn fẹ́ kí ọ̀rọ̀ gọ́tà náà tán. Èyí tó wù kó jẹ́, ó yíra padà.

Mo tú wáyà mẹ́ta kúrò níwájú, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ abẹ́ egungun èjìká rẹ̀ lápá òsì, nọ́ọ̀sì sì tẹ ìwé tuntun jáde. Ìlà tó ń rì níwájú ti gbéra lẹ́yìn. Kò ga púpọ̀, ẹni tó ń kánjú kò ní í rí i, ṣùgbọ́n láti ẹ̀yìn kì í fi bẹ́ẹ̀ ga, nítorí pé ọ̀nà jìn láti ọkàn dé ibẹ̀. Ó gbéra nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Mo gbé ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá. Mo ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀, mi ò lò ó. Ó bọ́ dígí ojú rẹ̀, ó gbé ìwé náà sún mọ́ imú, ó fi èékánná tẹ̀ lé ìlà náà láti ọwọ́ òsì sí ọ̀tún. Kò wo òkè ìwé rárá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ dókítà yìí, ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ pàdé rẹ̀.

“Èwo nínú àwọn òpó náà lo rò?” ló bi mí.

“Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, èyí tó yí lọ sápá òsì ló ń bọ́ ògiri ẹ̀yìn. Lára àwọn mìíràn, ti ọ̀tún ló ń dé ibẹ̀. Mo wo àwọn wáyà tó ń wo ìsàlẹ̀ ọkàn, wọ́n dákẹ́. Òsì ni mo fara mọ́, sà. Ṣùgbọ́n mi ò lè búra.”

“Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.” Ó ti ń tẹ fóònù. Ilé ìwòsàn kan wà lápá Oníru tí wọ́n ti lè ti okùn tín-ín-rín gba ọrùn ọwọ́ dé inú ọkàn, kí wọ́n fi la òpó tó dí. “Ẹ gbé áńbúláǹsì wá,” ló pariwo sí ọ̀nà àbáwọlé. “Kí ẹ má sì fi dírípù yẹn sí wọn lára mọ́.”

Èmi àti ìyàwó Alága la bá a wọ áńbúláǹsì. Awakọ̀ tan sáírèn láti Ajah, kò sì sí ọkọ̀ kan tó yà fún wa.

“Wọn ò gbà pé aláìsàn wà níbí,” ni awakọ̀ wí. “Wọ́n rò pé ọ̀gá ńlá kan ló ń lọ ra búrẹ́dì.”

“Èmi náà kì í yà,” ni Alága wí látorí bẹ́ẹ̀dì.

Ètè rẹ̀ ti funfun. Mo ń wo ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ìlù ọkàn rẹ̀, mo ń rí i tó ń fo ìlù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì ń wo ọ̀nà. Ó gbá mi lọ́wọ́ mú.

“Dókítà kékeré. Ṣé màá kú ni?”

“Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!” ni ìyàwó rẹ̀ ké. “Dádì, ẹ yé pè é! Kì í ṣe ìpín yín!”

“Mi ò bi ìwọ. Dókítà ni mo bi.”

Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Àmín ló yẹ kí n ṣe. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ tutù, ojú rẹ̀ ò sì kúrò lójú mi.

“Ó ṣeé ṣe, sà. Bí a bá tètè dé, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣeé ṣe mọ́.”

Ìyàwó rẹ̀ wò mí bí ẹni tó fẹ́ tì mí sójú ọ̀nà. Alága rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kékeré tí kò ní ohùn. “Ẹni tó dá mi lóhùn nìyí,” ló wí. Lẹ́yìn náà ló sọ fún awakọ̀ pé kó gba ọ̀nà tí kò yẹ kí ọkọ̀ gbà, pé òun á bá àwọn ọlọ́pàá sọ ọ́ bí wọ́n bá mú un. Awakọ̀ sì gbà á.

Nílé ìwòsàn Oníru náà, wọ́n ti ń dúró dè wá. Wọ́n gba ìwé ẹ̀yìn náà lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé Alága wọlé, ilẹ̀kùn sì pa dé. Èmi àti ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí ìjókòó onírin ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Fóònù ìyàwó náà ń dún ṣáá, kò wò ó. Ó gbé àpò lé ẹsẹ̀, ó di okùn rẹ̀ mú bí ẹni tó wọ ọkọ̀ ojú omi fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún un, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí mo gbé yẹ̀ wò ló ní “bí” nínú.

Dókítà ọkàn jáde, obìnrin kan tó ti bọ́ ìbòmú sí àgbọ̀n. Èmi ló kọ́kọ́ kọjú sí.

“Ìwọ lo kọ ìwé yẹn? Òpó tó yí lọ sápá òsì ni. Ó dí pátápátá. A ti là á, ẹ̀jẹ̀ ti ń kọjá.”

Inú mi dùn, mi ò lè sẹ́ ẹ. Mo yíjú sí ìyàwó Alága, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un pé òpó méjì ló ṣeé ṣe kó jẹ́, àti ìdí tí mo fi fara mọ́ èyí tó yí lọ sápá òsì. Kò gbọ́ ọ̀kankan nínú rẹ̀.

“Dókítà,” ló bi obìnrin náà, “ṣé ó ń sọ̀rọ̀?”

“Ó ń sọ̀rọ̀, mà. Ó ń bá nọ́ọ̀sì jà pé kí wọ́n fún òun ní bàtà òun.”

“Ó ń jà?”

“Gan-an ni, mà.”

“Òun gan-an nìyẹn,” ló wí. “Bó bá ti ń jà, òun gan-an nìyẹn.” Ó fi àpò bojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo ká ìwé ECG tó kù lọ́wọ́ mi, mo fi sápò, mo sì jókòó tì í títí ó fi sun ún tán.